Àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti Alvar Aalto: orúnkún rẹ̀ lẹ ń sanwó fún

Stool 60 ni orúkọ àpótí yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó kọ́kọ́ dà á dojú dé. Òkè rẹ̀ kò ní àràmàǹdà kankan, pátákó róbótó ni, bí ọmọrí ìkòkò ńlá. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ṣẹ́ po bọ́ sábẹ́ pátákó yẹn ni kó wò. Orúnkún la máa pè é. Gbogbo ọgbọ́n ara àpótí yìí, ibẹ̀ ló sùn sí. Owó rẹ̀ náà, ibẹ̀ ló ń lọ: bẹ́ ẹ bá rà á ní tuntun lọ́wọ́ Artek, ilé-iṣẹ́ tó ń tà á, ó lé ní 200 yúrò, ẹyọ kan ṣoṣo.

Ìyẹn pọ̀ fún àpótí. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé kí ni orúnkún yẹn ń ṣe tí ti káfíńtà àdúgbò kò ṣe.

Ọdún 1933 ni Alvar Aalto, ayàwòrán ilé ọmọ Finland, gbé àpótí yìí jáde. Lásìkò yẹn, páìpù irin tí wọ́n tẹ̀ ló gbòde nínú àga ìgbàlódé, pàápàá ní Jámánì. Aalto kò fẹ́ràn irin náà nítorí pé ó máa ń tutù lára, ó ń tàn sójú, kì í sì í jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀ nínú yàrá. Igi birch ló kún inú igbó Finland. Birch le, ojú rẹ̀ kúnná, ó funfun bíi wàrà tí wọ́n bu tíì díẹ̀ sí. Wàhálà rẹ̀ ni pé bó bá ti nípọn tó ohun tó lè gbé èèyàn, kì í gbà kéèyàn tẹ òun. Aalto àti Otto Korhonen, tó ní ilé-iṣẹ́ àga lágbègbè Turku, ni wọ́n jọ ń dán an wò títí tí ẹsẹ̀ yìí fi já sí ohun tó ṣeé gbára lé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á mú birch gbígbẹ, odindi, kì í ṣe pláíwúdù. Wọ́n á fi ayùn la orí rẹ̀ wálẹ̀ ní ìlà-ìlà, lọ́nà tí ojú igi ń gbà, títí tí orí ọ̀hún á fi dà bí eyín òòyà. Inú àlàfo kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á ki birch mìíràn bọ̀, èyí tí wọ́n ti fá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n sì ti fi gúlúù pa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ooru àti agbára tẹ ibẹ̀ títí tó fi máa ṣe igun dígírì 90. Apá ìsàlẹ̀ tí ayùn kò dé wà bó ṣe wà, igi kan ṣoṣo.

Ìdí tí wọ́n fi ń la á kò ṣòroó yé. Bẹ́ ẹ bá tẹ igi tó nípọn, inú rẹ̀ á fún pọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà. Ẹ̀yìn tó nà yẹn ló máa ń la. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé abala tín-tìn-tín ló wà níbẹ̀, abala kọ̀ọ̀kan á yọ̀ lórí ìkejì rẹ̀, bí ojú ewé ìwé tí ẹ ká lọ́wọ́. Bí gúlúù bá wá gbẹ, kò tún sí àyè láti yọ̀ padà, orúnkún di eegun nìyẹn.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìtòsí. Ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ pátákó, tí wọ́n jọ yí kọ́nà, tí wọ́n sì parẹ́ kí ẹsẹ̀ tó dé ìdajì. Ẹ fi èékánná tọ̀ wọ́n. Kò gbọdọ̀ sí ibi tí èékánná ti máa kọ́. Bó bá kọ́, gúlúù ti ń já níbẹ̀, ẹ má rà á. Bó bá sì jẹ́ pé ìlà náà rìn láti òkè dé ibi tó kan ilẹ̀, pláíwúdù tí wọ́n tẹ̀ ni gbogbo ẹsẹ̀ náà, kì í ṣe ẹsẹ̀ Aalto. Bí Frosta, àpótí tí ilé-iṣẹ́ àga IKEA tà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣe rí nìyẹn, ẹsẹ̀ mẹ́rin, pláíwúdù látòkè délẹ̀. Kì í ṣe àpótí burúkú o. Àmọ́ àwọn kan ń tà á báyìí bíi “àpótí Aalto àtijọ́”, owó tí wọ́n sì ń pè sí i kò jọra rárá.

Tuntun máa ń wá nínú páálí pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, òkè lọ́tọ̀. Títò ó kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́. Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ẹ da pátákó dé, ẹ gbé ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú ihò wọn. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi yí gbogbo sukúrù wọlé fẹ́rẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ má tíì fún èyíkéyìí. Ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wá máa fún wọn díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹni tó bá fún ẹsẹ̀ kan pa kó tó kan èyí tó kù, ẹsẹ̀ yẹn á tẹ̀ síbì kan, àpótí á sì dà bí ẹni tó wọ bàtà òdì.

Sukudiráfà lásán ni kẹ́ ẹ lò. Dírílì oníbátìrì yára ju igi lọ: kẹ́ ẹ tó gbé ọwọ́ kúrò, sukúrù á ti jẹ inú ihò, á máa yí lásán. Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má wá sukúrù tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀, orí ìjókòó ló máa yọ sí. Ẹ ya igi ìṣáná méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gé orí rẹ̀ dànù, ẹ fi gúlúù igi, irú Top Bond táwọn káfíńtà ń lò, pa á, kí ẹ kì í bọ inú ihò. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ gé ohun tó yọ síta, kí ẹ wá yí sukúrù àtijọ́ padà sí i. Á mú ju ti ìgbà tó ṣì tuntun lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mẹ́ta ló yẹ ká jókòó lé dáadáa. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ mẹ́ta kì í mì, ilẹ̀ ì báà rí gbágungbàgun, nítorí kò sí ẹsẹ̀ kẹrin tó máa sọ pé òun ò kan ilẹ̀. Àmọ́ ìkòkò kì í bẹ̀rẹ̀ mú bàtà nílẹ̀. Gbogbo Stool 60 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 38, ó ga ní 44. Bẹ́ ẹ bá fojú inú fa ìlà láti ẹsẹ̀ kan dé òmíràn, láti àárín ìjókòó dé ìlà yẹn kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 9 lọ. Kí ìwúwo ara yín sáà ti kọjá ibẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ méjì, àpótí á dojú dé pẹ̀lú yín. Ẹni tó tẹ̀ síwájú so okùn bàtà, ọmọ tó kúnlẹ̀ sétí rẹ̀, ẹni tó gùn ún láti pa gílóòbù dà: irú wọn ló máa ń ṣubú.

Ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wà, E60 lorúkọ rẹ̀, orúnkún kan náà, gíga kan náà. Lára tiẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 9 yẹn á di bíi 12 sí 13. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ìdí á sọ fún yín. Bí àgbàlagbà bá wà nílé, tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, E60 ni ká ra, ká gbàgbé ẹwà. Ẹwà rẹ̀ kò tó ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lóòótọ́. Ẹsẹ̀ mẹ́rin sọ ọ́ di àpótí bí àpótí.

Ohun kan tí ẹsẹ̀ mẹ́ta tún fi yọrí ni títò léra. Nígbà tí ilé ìkàwé Viipuri tí Aalto yà ṣí ní 1935, ìlú tó ti bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà báyìí, àpótí wọ̀nyí ni wọ́n fi kún gbọ̀ngàn àpérò rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń tò wọ́n, ẹ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó gbé e lé èyí tó wà nísàlẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Wọ́n á máa lọ́ gòkè bí okùn tí wọ́n hun. Ó dára lójú débi pé àwọn kan ò fẹ́ẹ́ tú u mọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òkè máa ń ha etí ìjókòó ìsàlẹ̀, nítorí náà àpótí tó ti ọ̀dọ̀ iléèwé wá máa ń ní ilà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ojú mẹ́ta. Ilà yẹn kì í ṣe àbùkù. Ó jẹ́ ẹ̀rí pé àpótí náà ti ṣiṣẹ́.

Lórí ojú ìjókòó, mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń bi oníbàárà: birch tí wọ́n fá lẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú fáníìṣì, linoleum, àbí fọ́máíkà. Birch ló lẹ́wà jù, òun ló sì ń jìyà jù. Ife tíì gbígbóná á fi òrùka funfun sílẹ̀ níbẹ̀, omi tó bá sùn lórí rẹ̀ á wọ abẹ́ fáníìṣì. Oòrùn máa ń sọ ọ́ di àwọ̀ oyin díẹ̀díẹ̀, èyí kò burú, àfi kẹ́ ẹ gbé ìkòkò òdòdó lé e fún oṣù mẹ́fà: ibi tí ìkòkò bò á wà ní funfun, yíká rẹ̀ á ti pọ́n. Fọ́máíkà ni fún ilé ìdáná. Bó bá jẹ́ pé ìjókòó ni ẹ fẹ́ máa fi ṣe lóòótọ́, linoleum la fọwọ́ sí, pàápàá dúdú. Òróró, ìyẹ̀fun igi àti ìyẹ̀fun èèpo igi tí wọ́n fi ń dí ìgò ni wọ́n pò pọ̀ sínú rẹ̀, kì í tutù lára, aṣọ kì í yọ̀ lórí rẹ̀. Àìsàn tiẹ̀ ni etí: bó bá gbẹ jù, á sán létí, á sì máa ká sókè. Kànìnkànìn tí ẹ fún omi rẹ̀ dànù ni kẹ́ ẹ fi nù ún, ọṣẹ fẹ́rẹ́, kì í ṣe omi inú garawa.

Látọdún 2023, Artek tún ń ta èyí tí wọ́n pè ní Villi, tí Formafantasma, àwọn ayàwòrán ọjà láti Italy, bá wọn dá sílẹ̀. Birch tó ní kókó, tó ní àmì kòkòrò, tó dúdú láàárín, tí wọ́n máa ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n lò. Agbára rẹ̀ kò dín. Lójú tiwa òun gan-an ló dà bí igi.

Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston tó fẹ́ gbé e wá sílé, kó mọ̀ pé birch kì í ṣe ìrókò. Kò ní ohunkóhun nínú ara tó lè fi lé ikán, bẹ́ẹ̀ ni kò lè bá òjò ṣe. Kò gbọdọ̀ sùn sí fàráńdà. Nínú yàrá tí ọ̀rinrin pọ̀, ẹ má gbé e lé sìmẹ́ńtì tútù tààrà. Ìdí ẹsẹ̀ ni igi ti ń mu omi bí ẹni fi ohun mímu sẹ́nu, dúdú tó máa ń gòkè láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ sì ni àmì àkọ́kọ́. Ẹ lẹ fẹ́ẹ̀tì mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ máa pa á dà bó bá ti tẹ́. Ìgbà ọ̀yẹ́ náà, ẹ wo sukúrù, igi máa ń sún kì, wọ́n sì lè dẹ̀.

Ṣé tuntun ni ká rà àbí àlòkù? Àlòkù, bẹ́ ẹ bá lè rí i. Láti 2006 ni Artek fúnra rẹ̀ ti ń ra àga rẹ̀ àtijọ́ padà lọ́wọ́ iléèwé, ilé ìwòsàn àti ilé ẹbí, abẹ́ orúkọ 2nd Cycle. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òpópónà Pieni Roobertinkatu nílùú Helsinki, nísàlẹ̀ ilé. Ibẹ̀ lẹ ti lè rí ogún àpótí tí àwọ̀ wọn kò bára mu, kí ẹ sì fọwọ́ pa orúnkún ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Owó wọn kì í fìgbà gbogbo dín ju ti tuntun lọ. Àwọn tó dàgbà gan-an lè wọ́n ju tuntun lọ fíìfíì.

Níta ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ ṣọ́ra. Ẹ yẹ orí sukúrù wò: àwọn àtijọ́ ní ilà kan ṣoṣo, kì í ṣe àgbélébùú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè ra sukúrù onílà kan lọ́jà, nítorí náà ẹ wò bóyá ìpẹtà ti ṣe òjìji dúdú yí ihò rẹ̀ ká. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n ṣe ẹsẹ̀ kan tí orúnkún rẹ̀ kì í ṣe títẹ̀: igi méjì ni wọ́n fi eyín wọ eyín, bí ẹni pa ìka ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Ilé-iṣẹ́ Hedemora ní Sweden wà lára àwọn tó ṣe é. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń pè é ní ayédèrú, wọ́n á sì tà á lówó pọ́ọ́kú. Ẹ rà á kíákíá. Nílùú ọba, ilé-iṣẹ́ Finmar ló ń kó ọjà Aalto wọlé ní àwọn ọdún 1930, orúkọ Finmar lábẹ́ ìjókòó sì máa ń gbé owó sókè.

Èyí tó bani nínú jẹ́ jù ni èyí tí wọ́n “tún ṣe”. Ẹnì kan á mú sáńpépà, á fá gbogbo fáníìṣì àtijọ́ kúrò, á fá etí rẹ̀ títí tó fi róbótó. Birch tí wọ́n lẹ̀ sójú ìjókòó kò nípọn rárá. Bí sáńpépà bá ti là á já, kò sí àtúnṣe mọ́. Àwọ̀ oyin tó gba ogójì ọdún kó tó wá lọ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ọṣẹ fẹ́rẹ́, aṣọ rírọ̀, suúrù, kò sóhun mìíràn tó yẹ kó kàn án.

A ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ọkùnrin kan ló dá a ṣe. Aino Aalto, ìyàwó rẹ̀, ayàwòrán ilé bíi tirẹ̀, wà lára àwọn mẹ́rin tó dá Artek sílẹ̀ ní 1935, pẹ̀lú Maire Gullichsen àti Nils-Gustav Hahl. Lẹ́yìn tí Hahl kú lójú ogun ní 1941, Aino ló darí ilé-iṣẹ́ náà títí tó fi kú ní 1949. Ẹsẹ̀ yìí náà kò dúró sára àpótí nìkan. Ó wà lábẹ́ tábìlì, bẹ́ǹṣì, àga 69 tó ní ẹ̀yìn. Ní 1954 ni Aalto gbé ẹsẹ̀ X jáde, tí orúnkún rẹ̀ ṣí bí abẹ̀bẹ̀, tó sì bá ojú ìjókòó dọ́gba. Ojú ò lè kúrò lára rẹ̀. Àmọ́ kò ṣeé fi sukudiráfà tú sílẹ̀, bó bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ tó dáńgájíá ló ń lọ, nítorí náà a ò ní gba oníyàrá kan nímọ̀ràn pé kó rà á.

Bó bá jẹ́ pé àga tó ní ẹ̀yìn lẹ nílò, ẹ fi Aalto sílẹ̀ kí ẹ lọ sọ́dọ̀ Ilmari Tapiovaara, ayàwòrán àga, ọmọ Finland bíi tirẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Annikki ló ṣe àga Domus ní 1946 fún Domus Academica, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki. Àga ìkàwé ni. Ìjókòó àti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pláíwúdù tí wọ́n tẹ̀ láti gba ìdí àti ẹ̀yìn. Wọ́n ké apá rẹ̀ kúrú kó má baà kọ́ tábìlì, ẹ lè sún mọ́ ìwé yín títí ikùn fi kan pátákó. Ilé-iṣẹ́ àga Knoll tà á ní Amẹ́ríkà. Fún ẹni tó ń jókòó wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ó ju Stool 60 lọ nígbà mẹ́wàá. Ẹ fi ìka kan pláíwúdù rẹ̀ kó-kó-kó káàkiri: ibi tó bá dún bíi garawa òfìfo, abala ti ṣí níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí sukúrù ti mú ẹ̀yìn mọ́ férémù pẹ̀lú, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ la.

Àga Pirkka ti Tapiovaara, ti 1955, ní ìjókòó igi pine méjì tó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín, ẹsẹ̀ birch. Pine rọ̀, kọ́kọ́rọ́ inú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò tó láti fi àpá sí i. Fún tábìlì oúnjẹ, ó dáa gan-an, bẹ́ ẹ bá lè fara mọ́ àpá.

Fanett, àga tí Tapiovaara yà ní 1949, lẹ máa rí jù lọ́jà àlòkù, nítorí àìmọye ni ilé-iṣẹ́ Edsbyverken ní Sweden ṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó to lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ di orí ẹ̀yìn náà mú, ẹ lọ́ ọ díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bó bá dún kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́, gúlúù àtijọ́ ti gbẹ nínú ihò, ẹ yọ owó díẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹni tó ń tà á pè. Ó ṣeé tún ṣe nílé: ẹ fa ọ̀pá tó dẹ̀ jáde, ẹ fi ọ̀bẹ ha gúlúù àtijọ́ kúrò lórí rẹ̀ àti nínú ihò títí ara igi gan-an fi máa hàn, nítorí gúlúù tuntun kì í mú lórí àtijọ́. Ẹ pa tuntun sí i, ẹ kì í padà, ẹ fi okùn di ẹ̀yìn mọ́ ìjókòó, kí ẹ má jókòó lé e títí di ọ̀la. Bẹ́ ẹ bá rí ìṣó tí ẹnì kan ti kàn mọ́ ìdí ọ̀pá láti fi mú un, ẹ dá àga náà padà fún olówó rẹ̀. Ọ̀pá yẹn ti là nínú.